Granta EduPack: ibi tí àwòrán, ohun èlò àti ọ̀nà ìṣe ti pàdé

Púpọ̀ ẹnjiníà ló máa ń yàwòrán tán kó tó bi ara rẹ̀ pé kí ni òun fẹ́ fi ṣe é. Ìgbà tí iṣẹ́ bá dé ọwọ́ ajórin ni ọ̀rọ̀ á yíwọ́. Granta EduPack, sọ́fítíwíà ìkọ́ni nípa yíyan ohun èlò, tó ṣẹ̀ wá láti inú iṣẹ́ Mike Ashby àti David Cebon ní Yunifásítì Cambridge, tó sì ti wà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ Ansys láti 2019, máa ń so àwòrán, ohun èlò àti ọ̀nà ìṣe pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àtẹ rẹ̀, níbi tí ohun èlò kọ̀ọ̀kan ti ní àmì tirẹ̀, ni mo fẹ́ràn jù. Ká ní ọ̀pá kan ni, tí ẹrù á máa tẹ̀, tí a sì fẹ́ kó gan, kó fúyẹ́. Ẹ fi bí ohun èlò ṣe wúwo tó ní ìwọ̀n àyè kan náà, ρ, sí ìsàlẹ̀, ẹ fi bó ṣe gan tó, E, sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹ fa ìlà tó dagun ní ìwọ̀n 2 (ìṣísẹ̀ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, méjì sókè). √E/ρ ni ìlà yẹn ń wọ̀n. Ẹ máa tì í sókè títí ohun èlò díẹ̀ á fi ṣẹ́ kù lókè rẹ̀. (Ẹ má yọ àtẹ náà kúrò lórí log, òṣùwọ̀n tí ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá, o, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìlà á ká.) Irin, tí E rẹ̀ jẹ́ 210 GPa, tí ρ sì jẹ́ 7.85 g/cm³, gba bíi 1.85. Alumíníọ̀mù, 70 àti 2.7, gba 3.1. Ẹ wá yí ìlà náà sí ìwọ̀n 1, tó ń wọ̀n E/ρ, bí ẹni pé fífà nìkan ni wọ́n ń fa ọ̀pá náà: irin gba 26.8, alumíníọ̀mù gba 25.9. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba! Ẹni tó bá ní alumíníọ̀mù ló dára jù, ẹ bi í pé fún iṣẹ́ wo.

Lẹ́yìn èyí, ẹ lọ sí apá ọ̀nà ìṣe, kí ẹ kọ iye tí ẹ fẹ́ ṣe síbẹ̀. Tó bá jẹ́ 200 péré, dídà sínú mọ́ọ̀dù irin á yọ kúrò, torí owó mọ́ọ̀dù ò ní rí iye ọjà tó máa pín lé lórí. Dídà sínú iyanrìn á ṣẹ́ kù.

Ibi tí èèyàn ti lè ṣìnà rèé. Agbára tó wà nínú àkọsílẹ̀ jẹ́ ti ohun èlò tí iná ajórin kò tíì kàn. Alumíníọ̀mù 6061-T6 á fara da bíi 276 MPa kó tó tẹ̀ láìpadà. Ẹ jó o, ẹ̀gbẹ́ ojú ìjó á rẹ̀ dé ìdajì tàbí kó tún dín. Náílọ́ọ̀nù náà, ẹ wò ó bóyá gbígbẹ ni wọ́n wọ̀n ọ́n, torí ó ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, gígan rẹ̀ á sì dín kù gan-an.

Fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ìpele 1 nínú àkójọ ohun èlò rẹ̀ tó. Ìpele 3 ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ohun èlò, àmì á bo àtẹ mọ́lẹ̀.

Sọ́fítíwíà yìí ò rí àwòrán yín. Tó bá jẹ́ ike tí wọ́n ń yọ́ sínú mọ́ọ̀dù ni, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa rí i pé ìgbátí inú rẹ̀ (ìlà tó yọ láti mú ògiri gan) ò nípọn ju bíi 60% ògiri lọ, kí ojú òdìkejì má bàa tẹ̀ wọlé, kí ẹ sì jẹ́ kí ògiri dagun bíi ìwọ̀n 1° kó lè yọ.