Ìbọ̀wọ́ oníke gígùn fún bíríkìlà tí sìmẹ́ǹtì ń ba ọwọ́ rẹ̀ jẹ́

Ẹ̀yin bíríkìlà ẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń lẹ táìlì, ìsọ̀ irinṣẹ́ kan lọ́nà Ìkẹ́rẹ́ ní Adó ni mo ti ra ìbọ̀wọ́ yìí. Oníke ni, wọ́n kọ PVC sí i lára, ó gùn dé ìgbọ̀nwọ́, òwú ni wọ́n sì fi tẹ́ inú rẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti ń wọ̀ ọ́ po kọnkéré ní sáìtì wa ní Ìyìn, àléfọ́ ọwọ́ mi ti lọlẹ̀.

Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí: àárín ìka á sú wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ẹ́rẹ́, omi á máa ṣẹ́ jáde, tó bá gbẹ tán á là. Òru ló máa ń yún jù. Hóró oògùn àlẹ́jì tí gbogbo ilé oògùn ń tà, oorun nìkan ló ń kó bá mi. Ìyún náà kò tilẹ̀ mọ̀ pé mo lo nǹkan kan. Dókítà awọ tó wò mí ló là mí lóye. Irin kan tí wọ́n ń pè ní chromium wà nínú sìmẹ́ǹtì. Bí omi bá ti kàn án, á yọ́, á wọ inú awọ, pàápàá awọ tí sìmẹ́ǹtì ti jẹ. Lára ẹlòmíràn, kò ní ṣe nǹkan kan. Lára àwa tí ara wa kọ̀ ọ́, àwọn sẹ́ẹ̀lì T, ìyẹn ọmọ ogun tó ń gbèjà ara, ti dá a mọ̀ ní ọ̀tá, bó bá sì ti tún wọlé, wọ́n á tú àwọn èròjà tí wọ́n ń pè ní cytokine sílẹ̀: interferon gamma, TNF, àti oríṣiríṣi interleukin. Àwọn wọ̀nyí ló ń ké sí àwọn sẹ́ẹ̀lì míì pé kí wọ́n wá, ni iṣan ẹ̀jẹ̀ á bá fẹ̀, omi á jò sínú awọ, ojú ibẹ̀ á wú, á gbóná. Hístámìn, èròjà ara tó ń fa ìyún nínú oríṣi àlẹ́jì míì, ni hóró oògùn yẹn ń dí lọ́nà, ipa hístámìn kò sì tó nǹkan nínú irú àléfọ́ yìí.

Àwọn sẹ́ẹ̀lì yẹn kì í tètè dé pẹ̀lú. Ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ni gbogbo rẹ̀ fi ń gbára jọ. Ẹni tó po kọnkéré lọ́jọ́ Ajé lè má rí nǹkan kan títí di Ọjọ́rú, kó wá máa bú ọṣẹ tó fi wẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Ìpara steroid tí dókítà kọ fún mi ń pa àwọn cytokine yẹn lẹ́nu mọ́, ó sì ṣiṣẹ́ gan-an. Àmọ́ kò ṣeé máa fi para lọ títí, awọ á fẹ́lẹ́. Bí chromium bá ṣì ń kan ọwọ́, a ò tíì ṣe nǹkan kan.

Ìdí tí mo fi yan oníke nìyí. Chromium ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ awọ ẹran kó tó di ìbọ̀wọ́, òógùn sì lè yọ ọ́ jáde. Ti rọ́bà ní kẹ́míkà tiẹ̀ tí ara àwọn kan kọ̀.

Ó ní àléébù o. Ooru inú rẹ̀ pọ̀ lọ́sàn-án, ó sì nípọn jù fún táìlì wẹ́wẹ́. Ńlá nìkan ni wọ́n ní ní ìsọ̀ náà. Ẹ ṣọ́ etí rẹ̀ dáadáa: sìmẹ́ǹtì tútù tó bá kó sínú ìbọ̀wọ́ yóò jó ọwọ́ ju kéèyàn má wọ nǹkan kan lọ. Èmi máa ń ká etí rẹ̀ sókè, méjì ni mo sì ń lò, kí ọ̀kan lè máa gbẹ.

Láti 2005 ni òfin European Union ti ní chromium inú sìmẹ́ǹtì tó ń fa wàhálà yìí kò gbọdọ̀ ju ìdá 2 nínú mílíọ̀nù kan lọ. Ó wù mí gan-an kí wọ́n máa kọ iye tó wà nínú èyí tí a ń rà sára àpò rẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ yí inú rẹ̀ síta kẹ́ ẹ tó sanwó. Irú rẹ̀ tí kò ní òwú wà lórí àtẹ kan náà.