MemTest86+: òun ló jẹ́ kí n mọ ìdí tí kọ̀ǹpútà tuntun mi fi ń dákú

Ẹ kú iṣẹ́ o. Nǹkan bí oṣù méjì ààbọ̀ ni mo fi bá kọ̀ǹpútà tí mo fọwọ́ ara mi tò wọ̀yá ìjà ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí, kí nǹkan ọ̀fẹ́ kan tí mi ò ná fàráńkì kan lé lórí tó wá sọ òótọ́ fún mi láàárín ìṣẹ́jú méjìlélógún. Torí ẹ̀ ni mo ṣe jókòó kọ eléyìí, torí mo mọ̀ pé ẹnì kan wà níbì kan báyìí tí wọ́n ń sọ fún pé "iná ni, iná ni", tó ti fẹ́ lọ ná owó tí ò yẹ kó ná.

Iṣẹ́ fídíò ni mò ń ṣe, ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ, òkú àgbà, ibi tí wọ́n bá ti pè mí láti Ouando títí dé Adjarra. Láptọ́ọ̀pù tí mò ń lò tẹ́lẹ̀, tó bá ń yọ fídíò wákàtí kan jáde, mo lè lọ sọ́jà kí n ra nǹkan ọbẹ̀ kí n padà dé kó má tíì parí. Mo wá ń kó owó jọ díẹ̀díẹ̀, mò ń ra kọ̀ǹpútà lẹ́yà lẹ́yà: processor Ryzen 5 5600, mọ́dábọ́ọ̀dù B550, káàdì fídíò RX 6600, SSD tẹ́rà kan, alimentation 650 watt tó ń pín iná fún gbogbo wọn, àti RAM DDR4 méjì (RAM ni ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ohun tó ń ṣiṣẹ́ lé lórí lọ́wọ́ sí), 8 giga 8 giga, tí wọ́n kọ 3200 sí lára. Mo ra àwọn kan ní Kùtọnu, àwọn kan sì wá láti Computer Village n'Ìkẹjà, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló bá mi kó wọn kọjá ní ẹnubodè Kraké. Mo tò ó lórí tábìlì ìjẹun lálẹ́ Sátidé kan nínú oṣù kìíní, ọyẹ́ ṣì ń fẹ́ nígbà yẹn, ó tàn lẹ́ẹ̀kan náà, mo pe màmá mi wá wò ó, wọ́n gbàdúrà sí i.

Ọjọ́ kẹrin ló kọ́kọ́ dákú. Mò ń gé fídíò lọ́wọ́, ojú ẹ̀ dédé di búlúù, ó kọ MEMORY_MANAGEMENT, ó tún ara ẹ̀ tàn. Mo ní bóyá ó kàn ṣe bẹ́ẹ̀ ni. Lọ́jọ́ kejì ó tún ṣe é, bẹ́ẹ̀ mi ò ṣí ju Firefox lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ó lo ọjọ́ méjì gbáko kò ṣe nǹkankan, ọkàn mi ti ń balẹ̀, àfi ìgbà tó dákú lẹ́ẹ̀mẹta láàárín wákàtí kan. Ohun tó ń tán mi ní sùúrù nìyẹn, kò ní àsìkò, tí iṣẹ́ bá pọ̀ lórí ẹ̀ ó lè máa lọ geerege, tí mo bá fi sílẹ̀ lọ jẹun mo lè padà bá a tó ti tún ara ẹ̀ tàn. Ohun tó ń kọ sójú gan-an ò jọra, lónìí IRQL_NOT_LESS_OR_EQUAL, lọ́la PAGE_FAULT_IN_NONPAGED_AREA, lọ́túnla á kàn dúdú kirimú láìkọ nǹkankan. Mo ti wá mọ̀ báyìí pé àìjọra yẹn fúnra ẹ̀ ń sọ̀rọ̀: tó bá jẹ́ diráífà kan (ètò kékeré tí Windows fi ń bá ẹ̀yà kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀) ló bàjẹ́, orúkọ kan náà ló sábà máa ń jáde lemọ́lemọ́, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé tibí tọ̀hún ló ń dà rú, ẹ tètè wo RAM.

Èyí tó dùn mí jù ni ti fídíò ìyàwó kan. Mo yọ ọ́ jáde, mo gbé e fún wọn, ìyá ìyàwó pè mí lálẹ́, wọ́n ní "Ọmọ mi, kí ló gba ojú ọmọ mi kọjá yìí?" Mo ṣí tèmi náà, mo rí i. Níbi tí ìyàwó ti kúnlẹ̀ tí bàbá ẹ̀ ń wúre fún un, àwọn nǹkan onígun mẹ́rin kéékèèké, aláwọ̀ ewé, tò lọ́wọ̀ọ́wọ́ láti etí ẹ̀ dé ìmú, kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti rí i ò ní lè gbójú kúrò níbẹ̀ mọ́. Mo wo ti kámẹ́rà, ó mọ́ tónítóní. Mo tún un yọ jáde, ojú ìyàwó mọ́, ló bá tún jẹyọ síbi tí wọ́n ti ń jó. Ojú tì mí gan-an ni, torí ọjọ́ yẹn ò ní tún wáyé mọ́ fún wọn.

Gbogbo èèyàn ló wá ní tiẹ̀ láti sọ. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní iná ni, mi ò sì lè bá wọn jiyàn torí nínú ooru oṣù kẹta iná ń lọ ó ń bọ̀ ládùúgbò wa. Mo ra onduleur ní 65,000 sẹ́fà, ìyẹn bátìrì tó ń gbé kọ̀ǹpútà dúró tí iná bá lọ, ìdajì ẹ̀ ni mo san, wọ́n fi ìyókù dá mi lóhùn. Lálẹ́ ọjọ́ tí mo so ó mọ́ ọn, kọ̀ǹpútà dákú, onduleur ò tiẹ̀ ké pí. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, ó ní fáírọ́ọ̀sì ni, ó pa gbogbo ẹ̀ rẹ́, ó ní òun á fi Windows tuntun sí i, ó dé ìdajì ó ní fáìlì kan ti bàjẹ́, ó pààrọ̀ clé USB (flash) tó ń lò, ó tún gbìyànjú kó tó gbà. Ó gba 10,000 lọ́wọ́ mi. Nígbà tí mo délé ó dákú kí ilẹ̀ tó ṣú. Tí Windows bá kọ̀ láti wọlé sórí kọ̀ǹpútà tuntun, tí clé USB méjì sì ṣe bákan náà, ẹ jọ̀ọ́, inú RAM ni gbogbo fáìlì yẹn ń gbà kọjá.

Ohun kan tún wà tó ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà, mo fẹ́ dúró díẹ̀ níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ṣí Event Viewer nínú Windows, ibi tó ń kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí, ẹ máa rí Kernel-Power 41 ní pupa, gbogbo ẹni tó bá rí "Power" níbẹ̀ á ní alimentation ti bàjẹ́. Kì í ṣe ohun tó ń sọ nìyẹn. Ohun tó ń sọ ò ju pé kọ̀ǹpútà kú láìjẹ́ pé ẹnì kan pa á bó ṣe yẹ, yálà iná ló lọ o, tàbí RAM, tàbí ẹnì kan tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀. Mo ti fẹ́ lọ ra alimentation mìíì torí ìlà yẹn. Mo wo gbígbóná náà pẹ̀lú HWiNFO, kò kọjá dígírì 74 nígbà tó ń ṣiṣẹ́ líle, bẹ́ẹ̀ 90 ni AMD tó ṣe Ryzen yẹn ní kó má kọjá. Mo tiẹ̀ lo èyí tí Windows fúnra ẹ̀ ní láti fi wo RAM, ó ní kò sí ìṣòro kankan. Ìyẹn ló dá mi dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì, torí mo gbà á gbọ́.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó wà ní Ṣábẹ̀ẹ́ ló ní kí n lo MemTest86+. Nǹkan yìí ti pẹ́, Chris Brady ló bẹ̀rẹ̀ memtest86 ní 1994, èyí tó ní àmì + lẹ́yìn yìí yà lára ẹ̀, àwọn ti àtijọ́ nínú èyí tó ní + yìí kì í ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà UEFI, ìyẹn ọ̀nà tuntun tí kọ̀ǹpútà fi ń tàn, títí 6.00 fi jáde ní 2022. Ọ̀fẹ́ ni, fáìlì ẹ̀ ò sì wúwo rárá. Ẹ ó gbé e sórí clé USB, ẹ ó tan kọ̀ǹpútà látinú clé yẹn, Windows ò ní wọlé rárá. Lórí tèmi mo ní láti pa Secure Boot (ààbò tí kì í jẹ́ kí kọ̀ǹpútà tàn látinú ohun tí kò mọ̀) nínú BIOS, ibi ètò tí ẹ lè wọ̀ kí Windows tó wọlé, kó tó gbà, ìyẹn sì gba wákàtí kan lọ́wọ́ mi torí mi ò mọ̀. Iṣẹ́ tó ń ṣe rọrùn láti lóye: ó ń fi nǹkan sínú gbogbo yàrá tó wà nínú RAM, á padà wá kà á, á wò ó bóyá ohun tó fi síbẹ̀ náà ló bá.

Aago mọ́kànlá alẹ́ ni mo tàn án. Mo jókòó tì í, ojú búlúù, nọ́ńbà ń sáré. Nígbà tó pé ìṣẹ́jú méjìlélógún ìlà pupa kan bọ́ sílẹ̀, lẹ́yìn náà mẹ́ta, lẹ́yìn náà mi ò lè kà á mọ́. Ó kọ ohun tó retí, ó kọ ohun tó bá, mo súnmọ́ ọn: èyí tó retí parí sí ffff, èyí tó bá parí sí fbff. Ní èdè 0 àti 1 tí kọ̀ǹpútà ń lò, f yẹn jẹ́ 1111, b jẹ́ 1011, ìyẹn ni pé nínú gbogbo ohun tó wà níbẹ̀, 1 kan ṣoṣo ló di 0. Nínú gbogbo ìlà pupa yẹn, ipò kan náà ló ń yí padà. Mo rántí ojú ìyàwó yẹn, omi bọ́ lójú mi.

Mi ò dúró níbẹ̀ o, torí ìlà pupa ò tíì sọ pé RAM wo ni, ó sì lè jẹ́ ihò tí wọ́n ń ki RAM bọ̀ lórí mọ́dábọ́ọ̀dù, ó lè jẹ́ XMP. XMP yẹn ló ń jẹ́ kí RAM sáré dé 3200 tí wọ́n kọ sí i lára, tí ẹ bá pa á RAM á rọra máa lọ, 2133 ni tèmi padà sí. Mo pa á, mo tún wò ó, pupa ṣì jáde, ó kàn pẹ́ kó tó jáde ni. Tó bá jẹ́ pé ó mọ́ ni, ọ̀rọ̀ ìyára ni ì bá jẹ́. Mo wá yọ RAM kan, mo fi ìkejì nìkan sínú ihò kejì láti ẹ̀gbẹ́ processor, ó lọ ẹ̀ẹ̀mẹrin, ó mọ́. Mo fi èyí tó kù sínú ihò yẹn kan náà, pupa. Mo gbé e sí ihò kẹrin, pupa. Mo fi èyí tó dáa sí ihò kẹrin, ó mọ́. Ó ti yanjú, RAM kan ni, kì í ṣe ihò, kì í ṣe iná.

Ohun tí mi ò fẹ́ràn nínú ẹ̀: kì í tọ́jú èsì sílẹ̀, fóònù ni mo fi ń ya gbogbo ẹ̀. Tí iná bá lọ àtìbẹ̀rẹ̀ ni, onduleur mi ò sì gbé e kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tún un bẹ̀rẹ̀. Kò sì lè rí ohun tí kì í ṣe ti RAM. Ti ọ̀rẹ́ mi ní Ṣábẹ̀ẹ́ yẹn, ó ṣe é mọ́jú, ó mọ́, wáyà iná tó ń lọ sí processor ni kò wọlé dáadáa, ó tẹ̀ ẹ́ títí ó fi dún kà. Nítorí náà tó bá mọ́, ẹ má sọ pé kọ̀ǹpútà ò ní nǹkankan. Ẹ má sì fi ìgbà kan péré dá a lẹ́jọ́, ẹ jẹ́ kó mọ́jú. Nínú márùn-ún, mo fún un ní mẹ́rin ààbọ̀.

Ẹni tó tà á fún mi ní Kùtọnu ní RAM kì í bàjẹ́. Mi ò bá a jà, mo mú clé mi jáde, mo ní "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sínú tiyín." A jókòó pọ̀, ó ra kọfí fún mi, nígbà tí pupa jáde lórí kọ̀ǹpútà tiẹ̀ ó dákẹ́, ó gba méjèèjì torí pọ̀ ni wọ́n ń tà á, ó fún mi ní méjì mìíì. Mo fi ìyẹn náà sórí MemTest86+ mọ́jú, ní àárọ̀ mo bá PASS gàdàgbà aláwọ̀ ewé lójú ẹ̀. Mo pa Windows rẹ́, mo fi òmíràn sí i, torí èyí tó wọlé pẹ̀lú RAM tó bàjẹ́, ta ló mọ fáìlì wo ló ti dà rú nínú ẹ̀. Ó ti lé ní oṣù méjì báyìí, XMP wà ní títàn, kò tíì dákú lẹ́ẹ̀kan.

Fídíò ìyàwó yẹn, mo tún un yọ jáde látìbẹ̀rẹ̀. Mo jókòó wò ó tán, wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́jọ, mi ò fo ibì kankan, kí n tó gun sẹ́mì (ọ̀kadà) gbé e lọ fún màmá wọn.