Talawa àti àwa tá à ń kọ eré: mo fún wọn ní mẹ́rin nínú márùn-ún

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ eré sínú fóònù nínú tíréènì, tẹ́ ẹ dé ilé tẹ́ ẹ tún pa á mọ́, ẹ̀yin ni mo wá bá sọ̀rọ̀. Talawa ni mò ń sọ o, ẹgbẹ́ tíátà àwa ènìyàn dúdú tó wà ní Croydon, gúúsù Lọ́ńdọ̀nù níbí, kì í sì í ṣe eré tí wọ́n ń ṣe fún èrò ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe fún òǹkọ̀wé ni. Wọ́n máa ń ka ìwé eré èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́ kí wọ́n sì kọ èrò wọn padà sí i, wọ́n ní MAKE tó wà fún títọ́ òṣèré àti òǹkọ̀wé dàgbà, wọ́n tún ní Talawa Firsts níbi tí wọ́n ti máa ń gbé eré tuntun jáde kí àwọn òṣèré kà á sétí èrò. Mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Èyí tí mo yọ, màá sọ ìdí ẹ̀ tó bá yá, ẹ̀bi wọn nìkan sì kọ́.

Ẹgbẹ́ yìí kì í ṣe ọmọ àná ṣá. Ọdún 1986 ni Yvonne Brewster, Mona Hammond, Carmen Munroe àti Inigo Espejel dá a sílẹ̀. Ọmọ Jàmáíkà ni Brewster, ṣùgbọ́n ẹ má wulẹ̀ rò pé ti àwọn ará Jàmáíkà nìkan ni wọ́n ń gbọ́, torí ní 1989 wọ́n ṣe The Gods Are Not to Blame ti Ọlá Rótìmí, ní 1992 wọ́n ṣe The Road ti Ṣóyínká, ní 1994 ó tún kan Resurrections ti Biyi Bandele. Tí ìyá inú eré yín bá ká ọwọ́ lérí tó ń ké “yéè, mo gbé o,” ilé yẹn ti gbọ́ irú ẹ̀ rí.

Iṣẹ́ kíka ìwé yẹn ni mo fẹ́ràn jù. Òǹkọ̀wé dúdú tó ń gbé ní Bìrìtéènì níbí ló wà fún (ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà n'Ìbàdàn, ẹ má bínú), ẹni tó mọ iṣẹ́ á kà á, èsì á sì padà wá. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni wọ́n ń gba ìwé, ẹ yẹ wẹ́ẹ̀bùsáìtì wọn wò kẹ́ ẹ tó máa yọ̀. Èsì tèmi ò fi oyin sẹ́nu rárá. Ó sọ ibi tó dùn, ó sọ ibi tó ti ń fà, lẹ́yìn náà ló wá bi mí pé kí ló dé tí ìyá àti ọmọ inú eré ń ṣàlàyé ìsọmọlórúkọ fún ara wọn, ṣé àwọn méjèèjì ò dé ibi ìsọmọlórúkọ rí ni? Ta ni wọ́n ń ṣàlàyé fún? Mo dákẹ́ lórí àga. Òyìnbó tó máa jókòó síwájú ni mo ti ń ṣàlàyé fún láti ojú ìwé kejì, tí mi ò sì mọ̀, ẹ ò rí i pé kò sẹ́ni tó máa rí irú ìyẹn, àfi ẹni tí òun náà ti ṣàlàyé ara ẹ̀ títí tó fi sú u.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kò rí bákan náà tí ìwé yín bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì. Tíátà kan wà tí mi ò ní dárúkọ, wọ́n pa ìwé mi mọ́lẹ̀ títí mo fi gbàgbé pé mo fi í ránṣẹ́, ìgbà tí wọ́n máa fèsì, ímeèlì onílà méjì, wọ́n ní kò bá àwọn mu. Kò bá yín mu báwo? Wọn ò sọ.

Ẹ má fojú di ẹni tó ń ka ìwé eré o. Ṣóyínká fúnra ẹ̀ ṣiṣẹ́ yìí ní Royal Court, tíátà kan ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, ní 1958 sí 1959, ó jókòó síbẹ̀ ó ń ka eré tí àwọn ẹlòmíì fi ránṣẹ́, àwọn Royal Court yẹn náà ló sì fún un ní ìrọ̀lẹ́ Sunday kan ní 1959 láti fi iṣẹ́ ti ara ẹ̀ han èrò, irú èyí tí wọ́n máa ń ṣe láìsí sẹ́ẹ̀tì lórí ìtàgé kí owó má baà pọ̀. Kíka eré fún èrò tá à ń ṣe lónìí, ọmọ ìyá ẹ̀ ni.

Tẹ́ ẹ ò bá tíì dé ibi tí wọ́n ti ń kà á rí, bó ṣe máa ń rí rèé: àga, irin tí àwọn olórin máa ń gbé ìwé lé, ife omi nílẹ̀, àwọn òṣèré tó jẹ́ pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé, ẹnì kan á wá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ tó ń ka gbogbo ohun tó yẹ kí wọ́n máa fi ara ṣe. Wọ́n ka díẹ̀ nínú tèmi ní tíátà kékeré kan lókè ilé ọtí, kì í ṣe lọ́dọ̀ Talawa, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù náà ṣá. Ó dé ibi tí ọmọkùnrin ti ìlú mìíràn dé, ẹni tó ń ka ìtọ́sọ́nà ní “ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja,” òṣèré yẹn jókòó síbẹ̀ kò mira, ojú ẹ̀ wà nínú ìwé, ni ìyá àgbàlagbà kan láti ìlà ẹ̀yìn bá ní “ẹ̀ káre ọmọ mi, dìde.” Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín o, mo ń wá bírò. Ìyá yẹn ò rí nǹkan kan lójú, ọ̀rọ̀ nìkan ló gbọ́, ẹnu ẹ̀ sì ti dáhùn kó tó mọ̀, mo bá mọ̀ pé ìran yẹn dúró dáadáa, kí n má fọwọ́ kàn án mọ́.

Ibi tó ti bàjẹ́ náà wà. Oríkì ojú ìwé kan gbáko ni mo kọ fún ìyá inú eré, ọmọ Gánà ni wọ́n fún ní ipa yẹn, ó mọ iṣẹ́ ẹ̀, ó sì gbìyànjú gan-an, ṣùgbọ́n ńṣe ló ń ka oríkì yẹn bí ẹni tó ń pe orúkọ ibùdókọ̀. Kì í ṣe ẹ̀bi ẹ̀. Ẹni tó pín ipa ò béèrè ta ló gbọ́ Yorùbá. Nítorí náà tí wọ́n bá fẹ́ ka tiyín níbikíbi, ẹ tètè béèrè ẹni tí wọ́n fẹ́ lò, kẹ́ ẹ ka gbogbo ibi tí Yorùbá wà sórí WhatsApp kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí òṣèré náà ṣáájú. Ó máa dùn mọ́ ọn nínú, kò sẹ́ni tó fẹ́ tẹ́ níwájú èrò.

Lẹ́yìn kíkà, wọ́n á ní kí èrò sọ̀rọ̀, ibẹ̀ ni wàhálà sábà máa ń wà torí kálukú fẹ́ bá yín tún eré yín kọ. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ń lo ìlànà Liz Lerman, oníjó ará Amẹ́ríkà kan ló gbé e kalẹ̀ lọ́dún 1990: èrò á kọ́kọ́ sọ ohun tó mú wọn lọ́kàn, òǹkọ̀wé á wá béèrè ìbéèrè tiẹ̀, èrò náà á wá béèrè láìfi ohun tí àwọn fúnra wọn rò sínú ìbéèrè, ẹ̀yìn ìyẹn ni ẹni tó bá ní àbá á tọrọ àyè kó tó sọ ọ́, ẹ sì lè ní rárá. Ó dà bí ẹni pé ó le koko, àmọ́ ó gbà mí lọ́wọ́ bàbá kan tó fẹ́ kí n pa ìyàwó ilé ní ìparí eré.

Ó wá ku máàkì tí mo yọ. Kíka eré fún èrò kì í ṣe kí wọ́n gbé e sórí ìtàgé. Ó ti pọ̀ jù báyìí, ẹ̀yin náà ẹ mọ̀, eré táwọn èèyàn ti kà níbí tí wọ́n ti kà lọ́hùn-ún, tí gbogbo ènìyàn ń yìn, tí kò sì sẹ́ni tó máa ra aṣọ kan fún òṣèré kan nítorí ẹ̀. Owó ló fà á, ó sàn fún tíátà kó ná owó ọjọ́ kan ju kó ná ti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ. Ó máa ń bọ́ sí i nígbà míì ṣá: Girls ti Theresa Ikoko gba Alfred Fagon Award ní 2015, nígbà tó di 2016 Talawa, Soho Theatre àti HighTide jọ gbé e jáde. Alfred Fagon yẹn náà, ọmọ Jàmáíkà tó ń kọ eré ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, ó ṣubú lulẹ̀ ó kú nítòsí ilé ẹ̀ ní Camberwell ní 1986, ọlọ́pàá ní àwọn ò mọ ẹni tó jẹ́, wọ́n sin ín bí ẹni tí ò ní ẹnìkankan. Ẹ ronú sí i. Òǹkọ̀wé tí wọ́n ti ń ṣe eré ẹ̀ ní ìlú yìí. Àmì-ẹ̀yẹ tí wọ́n wá fi orúkọ ẹ̀ sọ, òǹkọ̀wé dúdú tó ń gbé ní Bìrìtéènì nìkan ló wà fún, ẹ gbìyànjú ẹ̀.

Tí eré yín bá jẹ́ ti ilé Yorùbá gan-an, ẹ má gbàgbé Tiata Fahodzi, ẹgbẹ́ tíátà tí Fẹ́mi Elúfowójù dá sílẹ̀ ní 1997, àwọn ló bá Soho Theatre gbé Iya-Ile ti Ọládípọ̀ Agbólúajé jáde ní 2009, wọ́n sì ti ṣe kíka eré fún èrò dáadáa láyé ìgbà tí Fẹ́mi wà níbẹ̀.

Ẹ má san owó fún ẹnikẹ́ni tó ní òun máa ka eré yín fún èrò o, mo ti rí irú wọn lórí Facebook. Ẹ kọ ọ́ parí ná kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ ka gbogbo ẹ̀ sókè nínú ilé kẹ́ ẹ mọ ìṣẹ́jú tó gbà, kẹ́ ẹ sì kọ́kọ́ lọ jókòó bí èrò níbi tí wọ́n bá ti ń ka ti ẹlòmíì. Fairfield Halls ni Talawa wà, East Croydon ni kẹ́ ẹ sọ̀, ẹsẹ̀ ló kù, láti Victoria tíréènì tó yára ò tó ogún ìṣẹ́jú.