Fluval Evo lítà 52 fún ẹja òkun: táǹkì náà dára, ooru Ìbàdàn ni kò bá a ṣọ̀rẹ́

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa sin ẹja òkun nínú ilé, táǹkì kékeré tí fíltà ti wà nínú rẹ̀ ló rọrùn jù láti fi bẹ̀rẹ̀. Fluval Evo, ti ilé iṣẹ́ Hagen ní Kánádà, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Lítà 52 ló ń gbà. Wọ́n fi ògiri kan gé ẹ̀yìn rẹ̀ sọ́tọ̀. Ẹ̀yìn ògiri yẹn ni fóòmù, èédú àti àwọn òkúta kéékèèké tí bakitéríà ń gbé inú wọn wà, pọ́ọ̀ǹpù á sì máa ti omi tó ti mọ́ padà síwájú. Iná LED rẹ̀ funfun, ó sì ní búlúù fún alẹ́. Kò sí páìpù tó ta síta tí omi lè gbà jò sílẹ̀. Ní ti bí wọ́n ṣe ṣe é, a gbà fún wọn.

Ṣùgbọ́n yàrá ilẹ̀ olótùútù, níbi tí iná kì í lọ, ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Ìdérí rẹ̀ bo ojú omi dáadáa, ooru kì í fi bẹ́ẹ̀ ráyè jáde. Níbí, ooru gan-an la fẹ́ lé jáde. Ìwọ̀n 25 sí 27 Celsius ni ẹja òkun àti kórà (coral, ẹ̀dá òkun tó ń kọ́ ara rẹ̀ bí òkúta) fẹ́. Ní oṣù kejì sí ìkẹta, inú ilé ní Ìbàdàn lè kọjá 32 lọ́sàn-án, pọ́ọ̀ǹpù àti iná á sì tún dá ooru tiwọn kún un. Bí omi bá ṣe ń gbóná sí i ni atẹ́gùn inú rẹ̀ ń dín kù, ẹja á wá máa mí hẹlẹhẹlẹ lójú omi.

Nítorí náà, ẹ ṣí ìdérí yẹn dé ibi tó bá ṣí dé, kẹ́ ẹ fi àwọ̀n bo ojú rẹ̀ kí ẹja má bàa fò bọ́ sílẹ̀. Owó tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi ra hítà, ẹ fi ra fáànù kọ̀ǹpútà 12V, kẹ́ ẹ dá a dúró ní ẹ̀gbẹ́ kó máa fẹ́ sójú omi. Ó lè fa ooru wálẹ̀ ní ìwọ̀n 2 sí 3. Ẹ má jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru o, nítorí òru ọyẹ́ máa ń tutù. XH-W3001, ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ooru, tó sì ń tan nǹkan tàbí pa á fúnra rẹ̀, tí àwọn tó ń ṣe àpótí ìsàba ẹyin adìyẹ máa ń lò, ni kẹ́ ẹ so mọ́ ọn: kó tàn ní 27, kó kú ní 26. Ẹ fi sílíkónì bo irin orí wáyà rẹ̀ tó ń wọ omi, tórí omi iyọ̀ máa jẹ ẹ́.

Fáànù yìí náà ní ìṣòro tiẹ̀. Omi ló ń fò lọ, iyọ̀ kì í fò. Nígbà ọyẹ́, táǹkì yìí lè pàdánù tó lítà kan lóòjọ́. Bí lítà 4 bá lọ nínú 40 tẹ́ ẹ ò dá a padà, iyọ̀ á gòkè láti 35 sí bíi 39 nínú ẹgbẹ̀rún, èyí sì lè ṣe kórà léṣe. Ẹ fàmì sára gíláàsì, kẹ́ ẹ máa bu omi tí kò níyọ̀ kún un dé ojú àmì náà láràárọ̀. Omi iyọ̀ kọ́ o. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà.

Omi wo wá ni? Chlorine wà nínú omi ẹ̀rọ tó ń wá láti Ẹlẹ́yẹlé àti Aṣèjíire. Omi kànga tàbí borehole tí kò jìnnà sí ṣalángá sábà máa ń ní nitrate tí eéhù ń jẹ, eéhù á sì bo gbogbo òkúta yín. Pure water ṣeé lò bí ilé iṣẹ́ tó ṣe é bá lo reverse osmosis (sísẹ́ omi gba inú awọ tó ń dá iyọ̀ dúró), ṣùgbọ́n ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu gbọ́: ẹ ra TDS meter, tó ń wọn ohun tó yọ́ sínú omi, kẹ́ ẹ ti í bọ̀ ọ́. Òdo là ń wá. Bó bá ti kọjá 10, ẹ wá ẹlòmíì. Ti pé ká lọ fi kẹ́ẹ̀gì bu omi òkun wá láti Èkó, a ò fọwọ́ sí i. Omi etí ìlú ńlá ní epo àti ẹ̀gbin nínú, òjò sì máa ń dín iyọ̀ rẹ̀ kù.

Bí òkúta kílò 5 àti yanrìn aragonite kílò 5 bá ti wọlé, omi bíi lítà 40 ló kù tí táǹkì máa gbà. Gíráàmù 36 iyọ̀ sí lítà kan, ó di bíi kílò kan ààbọ̀. Iyọ̀ tí wọ́n ṣe fún táǹkì òkun ni o. Iyọ̀ ọbẹ̀ kò ní calcium àti magnesium tí kórà fi ń kọ́ ara rẹ̀. Inú bọ́kẹ́ẹ̀tì ni kẹ́ ẹ ti pò ó, kí pọ́ọ̀ǹpù máa rò ó fún wákàtí 24. Refractometer, ẹ̀rọ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ wọn iyọ̀ omi, ni kẹ́ ẹ fi wọ̀n ọ́n, kó wà láàárín 1.025 sí 1.026 (bó ṣe wúwo sí ju omi lásán lọ, ìyẹn bíi 35 nínú ẹgbẹ̀rún); hydrometer oníke tó ní abẹ́rẹ́ máa ń parọ́ bí afẹ́fẹ́ bá lẹ̀ mọ́ abẹ́rẹ́ rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ lé ní kílò 60, ẹ jẹ́ kí káfíńtà fi pákó gidi kan tábìlì; MDF máa ń wú bí omi bá ta sí i.

Ẹja kò tíì kàn báyìí. Ẹ ju edé tútù kan sínú omi kó jẹrà níbẹ̀, kẹ́ ẹ pa iná. Edé á tú amóníà jáde, bakitéríà kan á sọ ọ́ di nitrite, òmíràn á sọ nitrite di nitrate. Ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 ló sábà máa ń gbà. Ọjọ́ tí amóníà àti nitrite bá jẹ́ òdo, tí nitrate sì ti hàn, ẹ pààrọ̀ omi tó tó ìdajì. Ẹni tó bá kó ẹja wọlé lọ́sẹ̀ kejì, inú májèlé ló kó o sí. Látìgbà náà lọ, ẹ máa fi omi iyọ̀ tuntun pààrọ̀ lítà 4 lọ́sẹ̀, kẹ́ ẹ máa fi omi tẹ́ ẹ bù jáde fọ fóòmù. Chlorine inú omi ẹ̀rọ á pa bakitéríà tẹ́ ẹ fi oṣù kan tọ́.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára pọ́ọ̀ǹpù. Èyí tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà ń lo 110–120V, iná wa á jó o. Tí NEPA bá mú iná lọ, atẹ́gùn ló kọ́kọ́ ń tán nínú omi, iná orí táǹkì lè kú fún odindi ọjọ́ kan kó má ṣe nǹkan kan. Ẹ ra pọ́ọ̀ǹpù afẹ́fẹ́ 12V àti bátìrì 12V 7Ah. Ẹ máa rí irú bátìrì bẹ́ẹ̀ ní Agodi Gate. Tẹ́ ẹ bá lo ìdajì agbára rẹ̀ péré, pọ́ọ̀ǹpù 5W á ṣiṣẹ́ fún bíi wákàtí 8. Láìsí èyí, ẹ má ra táǹkì yìí.

Clownfish ocellaris (ẹja kékeré aláwọ̀ ọsàn tó ní ìlà funfun) méjì tó fún un, pẹ̀lú ìgbín òkun mẹ́ta sí mẹ́rin. Ẹja búlúù tí àwọn ọmọdé máa ń tọ́ka sí yẹn (blue tang, irú Dory inú fíìmù Finding Nemo), kì í ṣe ti táǹkì kékeré. Òògùn tó ní copper kò gbọdọ̀ kan omi náà, tórí á pa ìgbín.

Tí ẹja bá ti wà nínú ọ̀rá fún ọ̀pọ̀ wákàtí láti Èkó, ẹ má kán omi sí i díẹ̀díẹ̀ fún wákàtí kan gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń sọ. Gbàrà tẹ́ ẹ bá tú ọ̀rá, carbon dioxide á jáde, pH á gòkè, amóníà tó ti kó jọ á sì di olóró. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rá náà léfòó nínú táǹkì fún ìṣẹ́jú 15 láìtú u. Lẹ́yìn náà, ẹ tú u, ẹ yára wọn iyọ̀ rẹ̀; bó bá sún mọ́ ti táǹkì, ẹ fi ike kékeré kó ẹja jáde, kẹ́ ẹ da omi ọ̀rá nù síta.