Oxford House: Ibi Tí Ọmọ Ti Lè Pẹ́ Lẹ́yìn Ìtọ́jú, Tí Owó Òbí Ò Ní Tán

Bí ilé ìtọ́jú ní Amẹ́ríkà bá gba ọ̀dọ́ tí oògùn olóró ti di bárakú fún, ọjọ́ 28 tàbí 30 ni wọ́n sábà máa ń dá a dúró. NIDA, àjọ ìjọba tó ń ṣèwádìí ọ̀rọ̀ oògùn olóró níbẹ̀, sì ti sọ ọ́ pé ìtọ́jú tí kò bá tó 90 ọjọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́. Oṣù tó ṣẹ́ kù yẹn ló ń sọ òbí di onígbèsè. Oxford House, ilé tí àwọn tó ti gba ìtọ́jú jọ ń gbé láìfọwọ́ kan ọtí tàbí oògùn, la kọ́kọ́ máa ń dárúkọ fún irú òbí bẹ́ẹ̀.

Ọdún 1975 ló bẹ̀rẹ̀ ní Silver Spring, Maryland, ìpínlẹ̀ tí Yorùbá pọ̀ sí lónìí. Wọ́n fẹ́ ti ilé tí Paul Molloy àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbé lẹ́yìn ìtọ́jú ọtí. Àwọn olùgbé bá dáwó jọ, wọ́n gba ilé náà fúnra wọn. Títí dòní, kò sí ọ̀gá níbẹ̀. Àwọn olùgbé ló ń dìbò yan alága àti akápò, oṣù mẹ́fà lẹnì kan sì ń lò nípò. Ẹni tó bá ń san owó rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ilé tó kàn án, tí kò fọwọ́ kan ọtí tàbí oògùn, tí kò sì da ilé rú, kò sẹ́ni tó máa ní kó kó jáde, bó lo ọdún kan, bó lo mẹ́ta.

Wọ́n á ro owó ilé, iná àti omi pọ̀, wọ́n á pín in dọ́gba. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ó máa ń wà láàárín 100 sí 200 dọ́là lọ́sẹ̀. Níbi tí ilé bá ti wọ́n, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó jẹ́ kó ṣeé ṣe fún ẹbí nìyí: ọmọ lè wà lórí inṣọ́ránsì ìlera òbí rẹ̀ títí yóò fi pé ọdún 26. Ẹ jẹ́ kí inṣọ́ránsì san ìtọ́jú àlọ-àbọ̀, ìyẹn èyí téèyàn ń lọ gbà tó sì ń padà wá sùn nílé, èyí tó máa ń tó wákàtí 9 lọ́sẹ̀. Owó ibùsùn nìkan ló máa kù fún yín, tó bá sì ríṣẹ́, á gbà á lọ́wọ́ yín.

Àwọn olùwádìí Yunifásítì DePaul tẹ̀ lé èèyàn 150 fún ọdún méjì lẹ́yìn ìtọ́jú. Nínú àwọn tí wọ́n fi sí Oxford House, nǹkan bí 31 nínú ọgọ́rùn-ún ló padà sídìí oògùn tàbí ọtí. Nínú àwọn yòókù, nǹkan bí 65.

Kí ọmọ tó kúrò nílé ìtọ́jú ni kó ti kọ̀wé béèrè àyè ní Oxford House. Gbogbo àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ló máa fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, 80 nínú ọgọ́rùn-ún wọn sì gbọ́dọ̀ gbà. Bí ilé kan bá kọ̀, ẹ gbìyànjú òmíràn. Bó bá ń lo buprenorphine, oògùn tí dókítà ń fúnni láti fi bọ́ lọ́wọ́ oògùn olóró bíi heroin, kó béèrè ní tààrà bóyá ilé náà gbà á. Owó ìwọlé lè ni yín lára, nítorí náà ẹ bi olùdámọ̀ràn ibi ìtọ́jú bóyá ìpínlẹ̀ ń ranni lọ́wọ́. Ẹ má kó owó oṣù kan lé ọmọ lọ́wọ́. Inú àpò owó ilé ni kó lọ, lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀.

Kò sí nọ́ọ̀sì, kò sí olùdámọ̀ràn nínú ilé. Ẹni tí ara rẹ̀ ṣì ń gbọ̀n nítorí oògùn kò yẹ níbẹ̀. Ọmọ tí kò tíì pé 18 náà kò yẹ. Ẹ ṣọ́ra fún ilé mìíràn tó bá ní ọ̀fẹ́ lòun fi ń gbani: àwọn kan ti ń fi àyẹ̀wò ìtọ̀ lemọ́lemọ́ gba owó lọ́wọ́ inṣọ́ránsì, ọ̀rọ̀ náà sì burú débi pé Amẹ́ríkà ṣòfin lòdì sí títa aláìsàn, ìyẹn gbígba owó láti fi aláìsàn ránṣẹ́ síbì kan, lọ́dún 2018. Ẹ máa ka gbogbo lẹ́tà tí inṣọ́ránsì bá fi ránṣẹ́.

Ọ̀kan tí òbí kì í fẹ́ gbọ́: bí ọmọ bá tún mu ọtí tàbí lo oògùn olóró, wọ́n máa lé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kódà lóru. Lọ́jọ́ tó bá wọlé ni kẹ́ ẹ ti jọ kọ ọ́ sílẹ̀, ilé ìtọ́jú tó máa gbà á padà, ẹni tó máa gbé e lọ, àti ibi tó máa sùn mọ́jú.