Anki fún bọ́fà: ó mọ ìrántí í fúnni, kò mọ ìṣirò í kọ́ni

Ọ̀fẹ́ ni Anki, áàpù káàdì ìbéèrè àti ìdáhùn tó ń gbé káàdì padà wá kí ẹ má bàa gbàgbé, lórí kọ̀ǹpútà àti lórí fóònù Android, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní AnkiDroid. Orí iPhone ni wọ́n ti ń gbowó. Tí káàdì yín bá ti wà lórí fóònù, ẹ lè máa kà á láìsí dátà.

Bọ́fà (buffer) ni àpòpọ̀ ásíìdì aláìlágbára pẹ̀lú iyọ̀ rẹ̀, tí pH rẹ̀ kì í tètè yí padà. Ibi tí Anki ti wúlò jù fún un ni ìlà pH = pKa + log([A⁻]/[HA]): pKa ni nọ́ńbà tó ń sọ bí ásíìdì ṣe lágbára tó, [A⁻] ni ìwọ̀n iyọ̀, [HA] ni ti ásíìdì. Kò ṣòro há sórí. Yíyí i dorí kodò ló ń jẹ máàkì. Ẹ ṣe káàdì kan tó béèrè pé ta ló ń gun ta bí ẹṣin. Ìdáhùn: iyọ̀ ń gun ásíìdì. Kí káàdì kejì fi nọ́ńbà dán an wò: sodium acetate 0.20 M, acetic acid 0.10 M, pKa 4.76. Log 2 jẹ́ 0.30, nítorí náà pH á jẹ́ 5.06. Ẹni tó bá rí 4.46 ti gbé ẹṣin lé ẹlẹ́ṣin lórí, torí tí iyọ̀ bá ti pọ̀ ju ásíìdì, pH gbọ́dọ̀ ga ju pKa lọ.

Ammonia, tó jẹ́ béèsì, náà ń fẹ́ káàdì tirẹ̀. Àwọn kan ń ju pKb rẹ̀ (nọ́ńbà agbára béèsì), 4.75, sínú ìlà yẹn bó ṣe wà. Inú 14 lẹ máa kọ́kọ́ yọ ọ́, kó ku 9.25, tí í ṣe pKa tí ìlà náà ń fẹ́.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti NaOH. Acetic acid 100 mL, 0.10 M, ẹ da NaOH 0.10 M, 50 mL, sí i. Ìdajì ásíìdì ti di iyọ̀, bọ́fà dé nìyẹn, pH sì jẹ́ 4.76. Ẹ wá sọ 50 di 100: kò sí ásíìdì tó kù, kò sí bọ́fà mọ́, pH á fò lọ sí nǹkan bí 8.7. Ẹni tó kàn há “ásíìdì aláìlágbára pẹ̀lú iyọ̀ rẹ̀” sórí máa ń ṣubú níbí, torí kò sẹ́ni tó fi ọwọ́ da iyọ̀ kankan sí i.

Àléébù Anki kò kéré. Nọ́ńbà kan náà ni káàdì ń gbé wá ṣáá, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi máa pe 5.06 láìṣírò ohunkóhun. Ìbéèrè àtijọ́ nìkan ló ń wo ìyẹn sàn. Kíkọ ìlà ìṣirò lórí fóònù tún ń dáni lágara. Orí kọ̀ǹpútà ni kí ẹ ti kọ ọ́.

Tí ẹ bá gbàgbé ìdáhùn, bọ́tìnì Again ni kí ẹ tẹ̀, kì í ṣe Hard. Hard ń sọ fún Anki pé ẹ rántí, ó kàn nira ni, á sì gbé káàdì náà jìnnà sí yín. Káàdì tuntun 20 lóòjọ́ ni Anki fi sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ sọ ọ́ di 5, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àtúnkà á wọ́ jọ, ẹ ó sì pa á tì.