Star Trek ti 1966: ohun tí mo máa tún ṣe, àti ohun tí n kò ní fọwọ́ kàn

Ẹ̀sùn tí wọ́n sábà máa ń fi kan Star Trek, eré àtìgbàdégbà orí tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Amẹ́ríkà nípa àwọn tó ń fi ọkọ̀ rìn lójú òfuurufú, ni pé àwòrán rẹ̀ ti gbó. Ẹ̀sùn yẹn kò wúwo. Ní 2006 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ̀ǹpútà tún àwòrán ọkọ̀ àti ti ojú òfuurufú inú rẹ̀ ṣe, àwo Blu-ray sì fún wa láyè láti yan èyí tó wù wá, ti àtijọ́ tàbí tuntun. Tó bá kan apá tó ń jẹ́ "The Doomsday Machine", tuntun ni kẹ́ ẹ yàn. Nínú ti àtijọ́, àpò aṣọ tí wọ́n fi ń mọ ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí ní pápákọ̀ òfuurufú ni wọ́n rì sínú sìmẹ́ńtì, tí wọ́n pè ní ẹ̀rọ apanirun. Àwọn apá tó kù, ti àtijọ́ tẹ́ mi lọ́rùn, torí pé àwọ̀ rẹ̀ bá ti inú ọkọ̀ mu.

Ìgbàgbé ni àìsàn eré yìí gan-an. Á dá ohun ńlá sílẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, á ṣe bí ẹni pé òun kò gbọ́ ọ rí.

Ẹ wo oṣù kọkànlá 1968. Ní ọjọ́ 22 ni wọ́n gbé "Plato's Stepchildren" jáde. Dókítà McCoy rí i pé èròjà kan tó ń jẹ́ kironide ló jẹ́ kí àwọn ará pílánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n dé máa fi ọkàn lásán gbé nǹkan. Ó gún Kirk, ọ̀gá ọkọ̀, àti Spock, igbákejì Kirk, lábẹ́rẹ́ rẹ̀, Kirk sì borí ẹni tó ń fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ní ọjọ́ 29, ó kan "Wink of an Eye": omi kan wà tó jẹ́ pé ẹni tó bá mu ún á yára débi pé ojú ò ní rí i mọ́. Spock mu ún, ó fi ìyára yẹn tún ọkọ̀ ṣe, ó sì lo oògùn tó dá a padà sípò. Agbára ńlá méjì láàárín ọjọ́ méje! Láti ọjọ́ náà, kí ọ̀tá dé, kí ọkọ̀ máa jó, ẹnikẹ́ni ò ní béèrè pé abẹ́rẹ́ yẹn ńkọ́, omi yẹn dà. Ṣé ẹni tó ní oògùn àféèrí ló yẹ kó máa sá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì nígbà tí olè bá kanlẹ̀kùn?

Àtúnṣe rẹ̀ kò ná wọn ní kọ́bọ̀: kí agbára kọ̀ọ̀kan ní ohun tó ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá lò ó. Kí McCoy sọ pé abẹ́rẹ́ kironide kejì á ba kíndìnrín jẹ́ pátápátá. Ti omi náà tilẹ̀ rọrùn jù, torí pé eré fúnra rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yẹn: ẹni tó bá fara pa díẹ̀ nígbà tó wà nínú ìyára náà, ńṣe ló ń darúgbó lójijì tó sì ń kú. Oògùn tó wá yá jù ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Kí oògùn náà má ju ìwọ̀n èèyàn méjì lọ, kó sì jẹ́ pé ewéko tí wọ́n fi ṣe é ti tán. Gbólóhùn kan fún ìkọ̀ọ̀kan, ó parí.

Ẹ̀rọ transporter, tó ń tú èèyàn ká níbí tó sì ń tò ó pọ̀ lọ́hùn-ún, ni mo kà sí iṣẹ́ ọpọlọ tó dára jù nínú eré náà. Àìlówó ló bí i: kí ọkọ̀ ńlá máa balẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kọjá agbára àpò wọn. Àmọ́ nínú "The Enemy Within", oṣù kẹwàá 1966, ẹ̀rọ yìí bàjẹ́, òtútù sì ń pa Sulu, awakọ̀ wọn, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ nílẹ̀. Olùwòran á béèrè pé ọkọ̀ kékeré ńkọ́. Kò tíì sí ni. "The Menagerie", oṣù kọkànlá 1966, ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i. Ẹni tó bá ń wò ó lónìí kò mọ èyí, lójú tirẹ̀ ìwà òmùgọ̀ ni. Kò nílò àwòrán tuntun: kí wọ́n fi ohùn Sulu kún un látinú ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ nígbà tó jẹ́ pé ojú Kirk là ń wò, kó ní ìjì tó ń jà nísàlẹ̀ kò ní jẹ́ kí ọkọ̀ kankan balẹ̀. Mo fara mọ́ ìjì ju pé kí wọ́n ní ọkọ̀ kékeré wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, torí ìyẹn á tún bí ìbéèrè pé ìgbà wo ni wọ́n máa tún un ṣe tán.

Apá yẹn kan náà ni ẹ̀rọ ti pín Kirk sí méjì, ọ̀kan jẹ́jẹ́, ọ̀kan ẹhànnà. Ohun tó fà á ni erùpẹ̀ òkúta kan tó wà lára aṣọ ẹni tó kọ́kọ́ gòkè. Ó dára, ìdí wà. Kí wá ló dé tí ẹnikẹ́ni ò fi gbọn aṣọ rẹ̀ kó tó gòkè látìgbà náà? Kí wọ́n fi ìṣẹ́jú àáyá méjì hàn wá, kí ọmọṣẹ́ kan fi ẹ̀rọ kékeré yẹ aṣọ àti bàtà wọn wò, a máa mọ̀ pé ọkọ̀ yìí ń kọ́gbọ́n.

Ìṣirò wọn ńkọ́? Nínú "That Which Survives", wọ́n ju ọkọ̀ sí ibi tó jìnnà tó ọdún ìmọ́lẹ̀ 990.7 (ọdún ìmọ́lẹ̀ kan ni ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń rìn dé lọ́dún kan). Wọ́n ní tí àwọn bá sá ní warp 8.4, ìyẹn ìwọ̀n ìyára ọkọ̀ wọn, wákàtí 11.33 làwọn máa fi padà. Òfin tí wọ́n fún àwọn òǹkọ̀wé ni pé kí wọ́n fi nọ́ńbà warp ṣe ìsọdipúpọ̀ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, èyí tó bá jáde ni iye ìgbà tó fi yára ju ìmọ́lẹ̀ lọ. 8.4 × 8.4 × 8.4 jẹ́ nǹkan bíi 592.7. Ẹ fi pín 990.7: ọdún kan àti oṣù mẹ́jọ ni. Èmi ò ní fọwọ́ kan ìyára, ibi tí wọ́n jù wọ́n sí ni mo máa sún mọ́tòsí. Tó bá jẹ́ ọdún ìmọ́lẹ̀ 0.77, wákàtí mọ́kànlá yẹn péye, Kirk àtàwọn èèyàn rẹ̀ á ṣì wà nílẹ̀ láìní ọkọ̀ bí ìtàn ṣe fẹ́.

Ọ̀rọ̀ Uhura, obìnrin tó ń bójú tó ìbánisọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀, ló dùn mí jù. Ọmọ Áfíríkà ni, Swahili ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, ó sì ń sọ ọ́ lẹ́nu. Nínú "The Changeling", ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ Nomad pa gbogbo ìrántí rẹ̀ rẹ́, débi pé wọ́n tún ń kọ́ ọ bí a ṣe ń kàwé. Kí apá yẹn tó parí, McCoy ti ní láàárín ọ̀sẹ̀ kan á padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ kan kẹ̀? Mo máa fi apá mẹ́ta gbáko fún un: ẹlòmíì lórí ìjókòó rẹ̀ ní ti àkọ́kọ́, òun pẹ̀lú olùkọ́ ní ti kejì, àti ní ti kẹta, kí ó rántí Swahili rẹ̀ kí Gẹ̀ẹ́sì tó padà, kí ọkọ̀ sì wà nínú ewu tó jẹ́ pé ohun tó rántí yẹn ló máa yọ wọ́n. Nínú "Catspaw" bákan náà, nígbà tí àwọn ọ̀gá ti lọ tán, DeSalle, tí ipò rẹ̀ kò ju ti Uhura lọ, ni wọ́n fi jókòó sórí àga ọ̀gá ọkọ̀. Ó di eré àwòrán ẹfẹ̀ ti 1973 kí obìnrin yìí tó darí ọkọ̀.

Ẹni tó fẹ́ fi han àwọn ọ̀dọ́ ní Tánkẹ̀ tàbí ní Ọ̀ffà, kó má tẹ̀ lé bí wọ́n ṣe gbé e jáde. Apá 79 ni, nǹkan bíi wákàtí 66 ni, epo jẹnẹrétọ̀ ò sì wọ́n kéré. "Where No Man Has Gone Before" ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, torí ó ṣáájú àwọn tó kù ní yíyà, aṣọ wọn ṣì yàtọ̀, McCoy ò sì tíì dé. Kí "The Corbomite Maneuver" tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà, "Balance of Terror", "Space Seed", "The City on the Edge of Forever". Nínú sáà kẹta, tí wọ́n gé owó rẹ̀ tí wọ́n sì lé e sí aago mẹ́wàá alẹ́ Friday, ẹ fo "Spock's Brain".

Àwọn pílánẹ́ẹ̀tì wọn ló jọra jù. Vasquez Rocks ní California tí wọ́n lò nínú "Arena" dára, àmọ́ púpọ̀ nínú àwọn yòókù, yàrá sítúdíò àti àpáta àtọwọ́dá ni. Ẹni tó bá fẹ́ ya irú eré yìí ní gúúsù Kwara kò ní wá ibi jìnnà. Ère òkúta tó ju 800 lọ wà ní Èsìẹ́, púpọ̀ nínú wọn jókòó, irun dídì àti fìlà wọn hàn kedere, kò sì sẹ́ni tó mọ ẹni tó gbẹ́ wọn. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé àlejò ni wọ́n, tí wọ́n di òkúta. Star Trek gbìyànjú irú rẹ̀ nínú "By Any Other Name": àjèjì sọ àwọn ọmọ ọkọ̀ di ẹyọ òkúta kékeré, ó fọ́ ọ̀kan mọ́ ọwọ́, ẹni yẹn kú, wọn ò sì dárúkọ rẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá ń kọ ti Èsìẹ́, kó bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n fọ́ yẹn: ta ni, kí ló ń ṣe nínú ọkọ̀, ta ló ń retí rẹ̀ nílé.